Ìwé kékeré James Allen: ṣé kí n ka orí kejì fún àwọn ọmọ SS1, àbí kí n fò ó?

Tíṣà_Mọ́níyà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ fi lọ̀ yín. Nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, èmi àti àwọn ọmọ SS1 mélòó kan máa ń jókòó kàwé lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí agogo ilé bá ti lù. Ìwé tí a lè kà tán láàárín sáà kan ni mo wá, èyí tí yóò mú kí ọmọ bi ara rẹ̀ pé irú èèyàn wo lèmi yìí ná, kí ni mò ń rò látàárọ̀. Mo wá mú As a Man Thinketh ti James Allen, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde lọ́dún 1903. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni, orí méje péré. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: èrò ọkàn èèyàn ló ń di ìwà rẹ̀, ìwà rẹ̀ ló sì ń di ayé rẹ̀. Ó fi ọkàn wé ọgbà. Bí o kò bá gbin ohun rere síbẹ̀, èpò á hù fúnra rẹ̀.

Orí kìíní dùn. Àwọn ọmọ jiyàn títí gétìmáànù fi wá sọ fún wa pé òun fẹ́ ti géètì. Orí kejì ni wàhálà ti dé. Níbẹ̀ ni Allen ti ní ipò tí èèyàn bá ara rẹ̀ kì í ṣe èèṣì, pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló fà á wá. Ọmọkùnrin kan nawọ́, ó ní, "Mà, ṣé bàbá mi ò ronú dáadáa ni?" Micra, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń kérò n'Íbàdàn, ni bàbá rẹ̀ ń wà. Kò rí owó ojúmọ́ san fún ọlọ́kọ̀ mọ́, ọlọ́kọ̀ sì ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ẹnìkejì fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní ká dé ìwé ná.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ká tó tún pàdé. Ṣé kí n parí orí náà ni, àbí kí n fò ó bọ́ sí ìkẹta? Mo ti ka ìkẹta pẹ̀lú, ẹ̀rù òun náà ń bà mí.

Àgbẹ̀_Òkè_Ògùn

Ẹ fò ó kẹ̀! Ẹni tó ní ọkàn dà bí ọgbà, ẹ bá mi bi í pé oṣù wo lòjò rọ̀ lọ́dọ̀ tiẹ̀. Lápá Ìsẹ́yìn níbí, èèyàn á kọ ebè, á gbin àgbàdo, òjò àkọ́rọ̀ á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ń tan ni jẹ, ó dìgbà. Àgbàdo á yọ orí, oòrùn á jó o mọ́lẹ̀. Ẹ sì lọ wo oko ọ̀hún, kò sí èpò kan níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ mọ́ féfé. Ẹni tó kọ ìwé yẹn ò roko rí.

Bọ̀ọ̀dá_Leicester

Ẹ̀gbọ́n àgbẹ̀, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ó roko o, ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni ṣá! Ó máa ń kọ̀wé láàárọ̀, á sì máa tún ọgbà ṣe lọ́sàn-án.

Mo ní láti dá sí i torí ìlú tí mò ń gbé yìí ni wọ́n ti bí i, lọ́dún 1864. Ìlú tí wọ́n ti ń hun ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ òtútù ni Leicester nígbà náà, iṣẹ́ ìhunṣọ náà sì ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ọjà kú, bàbá sọdá lọ sí Amẹ́ríkà pé kí òun wáṣẹ́, kí òun wá ránṣẹ́ pe ìyàwó àtọmọ. Kò pẹ́ rárá tó dé New York tó fi kú. Ohun tí wọ́n gbà ni pé olè ló jà á tó sì pa á. James jẹ́ ọmọ ọdún 15, ló bá fi ilé ìwé sílẹ̀, ó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ kí ilé lè jẹun. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe akọ̀wé fún àwọn oníléeṣẹ́ kó tó di pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí Ilfracombe létí òkun, níbi tó ti ń kọ̀wé títí ó fi kú lọ́dún 1912. Kò tó ọmọ ọdún 50.

Nítorí náà kì í ṣe ọmọ olówó tó jókòó sórí tìmùtìmù tó wá ń bú tálákà. Ọmọ tí ìṣẹ́ pa bàbá rẹ̀ lójú àjò ni. Tíṣà, èyí ni ẹ bá kọ́kọ́ sọ fún ọmọ onímicra yẹn kẹ́ ẹ tó ṣí orí kejì padà.

Ìyá_Bódìjà

Ìtàn yẹn gan-an ló wá ń bí mi nínú, bọ̀ọ̀dá. Ọmọ tó mọ̀ pé bàbá òun ò ṣẹ nǹkan kan tó fi kú, kí ló dé tó jẹ́ òun náà ni yóò wá kọ ọ́ pé kò sí èèṣì láyé? Ṣé èrò ọkàn bàbá rẹ̀ ló pe olè wá ni?

Bọ̀ọ̀dá_Leicester

Àǹtí, mo rò ó títí. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ni kò ní lè fara gbà á pé ayé kàn rí bẹ́ẹ̀ láìnídìí. Èrò tèmi nìyẹn o, kò kọ ọ́ síbì kankan.

Lánre_Tó_Ń_Wá_Ìwé

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní PDF rẹ̀?

Alábòójútó

Arákùnrin, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ máa tọrọ ìyẹn. Ẹ̀tọ́ oníǹkan ti kúrò lórí ìwé náà tipẹ́, ọ̀fẹ́ ló wà lórí Project Gutenberg, ibi ìkówèésí orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká fi ojú òpó yìí sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí tíṣà gbé wá.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Orí kẹta tí tíṣà ní ẹ̀rù rẹ̀ ń ba òun, èmi náà kà á. Ó ní àìsàn àti ìlera, inú èrò ni gbòǹgbò wọn wà. Mi ò ní ṣe bí ẹni pé irọ́ pátápátá ni. Ẹni tí àròdùn ò jẹ́ kó sùn, ara rẹ̀ á sọ fún un láìpẹ́.

Ṣùgbọ́n tíṣà, kíláàsì Nàìjíríà ni tiyín. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde wà láàárín wọn, kó má sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀jẹ̀ (jẹ́nótáìpù) bàbá bá jẹ́ AS, tí ti ìyá náà jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS, bẹ́ẹ̀ ló sì rí nínú gbogbo oyún tí wọ́n bá ní. Ọmọ ò tíì ní ọkàn tó fi ń ronú tí wọ́n ti pín in fún un. Nígbà kan, ọmọbìnrin kan dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù wa, eegun itan ń ro ó débi pé ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ọwọ́ rẹ̀ ti funfun. Màmá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wá kí i, wọ́n ní kó yéé ronú nípa àìsàn, ara á yá. Ọmọ náà wò wọ́n, ó ní, "Mà, mi ò tíì ráyè ronú nǹkan kan láti àná. Eegun mi ló ń ronú."

Bẹ́ ẹ bá máa ka orí kẹta, ẹ sọ ohun tó jẹ́ òtítọ́ nípa àìsàn àjogúnbá fún wọn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ò bá ráyè ìyẹn, ẹ má kà á.

Ọ̀gá_Wẹ́dà_Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kí n bá gbogbo yín jà díẹ̀. Ẹ ń kẹ́ àwọn ọmọ yìí jù. Mo ní ọmọ iṣẹ́ kan, ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlòmíì ló bà á jẹ́. Ó jórin láìlo awò, ojú rẹ̀ ta á mọ́jú, ó ní iná tí kò dúró sójú kan ló fà á. Awò wà lára ìṣó níbi tí mo máa ń gbé e kọ́! Ó wọn irin géètì, ó fi ìka méjì kúrú, ó ní téèpù ló parọ́. Orí kejì yẹn gan-an ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò, kí ló kù nínú ìwé náà? Àlàyé nípa òdòdó?

Ìyá_Bódìjà

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ti ọmọ iṣẹ́ yín yé mi. Ṣùgbọ́n bàbá onímicra la ń sọ. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n kéde níbi ìbúra ààrẹ tuntun pé ìrànwọ́ owó epo ti lọ. Lítà epo tí a ń rà ní nǹkan bíi ₦185 fò sókè sí nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Awakọ̀ tó fi ọkàn kan sùn lálẹ́ fi ọkàn kan náà jí láàárọ̀, àmọ́ owó epo rẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ibo ni kó ti wá èpò inú ọgbà ọkàn rẹ̀?

Ọ̀gá_Wẹ́dà_Abẹ́òkúta

Mi ò jiyàn owó epo, àǹtí. Jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ fún mi. Ohun tí mò ń sọ ni pé lábẹ́ owó epo kan náà, ẹnìkan ń rojọ́, ẹnìkan ń wá ọgbọ́n dá. Bí ọmọ bá ti kékeré mọ ẹni tó máa di ẹ̀bi rù, kò ní wá ọgbọ́n kankan dá láéláé.

Àgbẹ̀_Òkè_Ògùn

Ẹni tó ń wá ọgbọ́n dá náà máa jẹun kó tó rí ọgbọ́n ọ̀hún o.

Olùkọ́_Ọjọ́_Ìsinmi

Ẹ jẹ́ kí n mú wa padà sídìí orúkọ ìwé náà. Inú Òwe orí 23 ẹsẹ 7 ni Allen ti fà á yọ, gbogbo wa la sì ń fi ẹsẹ yẹn wàásù pé bí o bá ti rò ó, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 6, kẹ́ ẹ kà á dé 8. Ọ̀rọ̀ ahun tó pe èèyàn wá jẹun ló wà níbẹ̀! Ó ń sọ fún ọ pé máa jẹ, máa mu, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ rẹ; òkèlè tí o jẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, wàá pọ̀ ọ́. A mọ irú wọn dáadáa. Ojú wọn máa ń bá ẹran lọ láti inú abọ́ títí dé ẹnu àlejò.

Ẹsẹ yẹn ò ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnu èèyàn lè wà níbì kan kí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíì, àti pé ibi tí ọkàn wà lèèyàn wà. Tíṣà, èmi ì bá fi ìyẹn bi àwọn ọmọ: kí ni o máa ń sọ jáde lẹ́nu tí ọkàn rẹ ò sí níbẹ̀? Ọmọ olówó á dáhùn, ọmọ tálákà á dáhùn, kò sẹ́ni tí ó kàn lábùkù ju ẹnì kejì lọ. Kódà ẹ̀yin fúnra yín ẹ kọ́kọ́ dáhùn lójú wọn.

Ọmọ_Awo_Ìwó

Àwọn baba wa ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí kí Allen tó kọ ọ́. Ẹ rántí Afùwàpẹ́, ìtàn Ifá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ sílẹ̀ fún wa. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń tọ̀run bọ̀ wáyé: Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílẹ̀ẹ́mẹ̀rẹ̀ ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti yan orí nílé Àjàlá alámọ̀, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ orí fún èèyàn. Àwọn méjì ìṣáájú dé ibẹ̀, wọn ò bá Àjàlá, wọ́n wọlé mú orí tó tóbi, tó ń dán. Wọn ò mọ̀ pé kò tíì sun ún jinná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí ń ṣí wómúwómú. Wọ́n dáyé, wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹrú, gbogbo èrè ni wọ́n ń fi tún orí tó bàjẹ́ ṣe.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà kí bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, ó rúbọ, wọ́n sì fún un ní iyọ̀ àti owó dání. Ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó bu iyọ̀ sí i fún un, ọbẹ̀ dùn. Oníbodè ló mú un dé ọ̀dọ̀ Àjàlá. Àjàlá ń sá fún olówó, ó ti fara pamọ́ sókè àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà, Àjàlá fúnra rẹ̀ wá bá a yan orí tó jinná.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣiṣẹ́ láyé o. Allen ì bá wo Oríṣeékú kó ní ọkàn rẹ̀ ló dọ̀tí.

Ọ̀gá_Wẹ́dà_Abẹ́òkúta

Bàbá awo, ẹ ti gbè mí! Wọ́n kìlọ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kí wọ́n má yà síbì kankan. Ẹni tó dúró ronú, tó yà lọ béèrè, òun lorí rẹ̀ dára. Àwọn yòókù kù gìrì wọlé onílé, wọ́n mú èyí tó ń dán. Bí kì í bá ṣe ìrònú nìyẹn, kí wá ni?

Ọmọ_Òṣogbo17

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mo dá sí i. Ọmọ ọdún 17 ni mí, mo ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, mò ń retí ilé ìwé gíga. Mo ti ka ìwé yìí lórí fóònù mi.

Ọ̀gá wẹ́dà, òótọ́ ni pé Afùwàpẹ́ yà. Ṣùgbọ́n ó rí bàbá tó mọ Ifá yà sí, bàbá náà sì rí iyọ̀ àti owó fún un. Ká ní ó yà tí wọ́n ní kò sí iyọ̀ nílé ńkọ́, sà?

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé. Ó jọ pé ẹ̀yin ń ka ìwé náà bí ìgbà tí adájọ́ ń dá ẹjọ́. Èmi ò kà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ka orí kìíní tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí mo rò lọ́sàn-án sínú ìwé ní gbogbo alẹ́. Mo rò pé èsì ìdánwò àti Ọlọ́run ló máa kún ibẹ̀. Nígbà tí mo kà á padà, stétọ́ọ̀sì WhatsApp àwọn tí a jọ jáde ló kún inú rẹ̀: ẹni tó ti wọ yunifásítì, ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra fóònù fún, ẹni tó ya fọ́tò níwájú géètì. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni mò ń gbé látàárọ̀ dalẹ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ fún mi kí n gbà. Màmá mi ti sọ ọ́ títí, ìjà ló máa ń dà.

Orí kejì, mo kà á, mi ò gba gbogbo rẹ̀ gbọ́, mo sì kọjá. Ọmọdé náà lè ka nǹkan kó má gbà á gbọ́. Ẹ má fò ó, mà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: bẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n kọ nǹkan nípa ara wọn, ẹ má gbà á láti máàkì. Nígbà tí a wà ní SS2, tíṣà wa kan ní ká kọ "Irú èèyàn tí mo jẹ́". Gbogbo kíláàsì ló kọ ọ́ pé àwọn fẹ́ràn àdúrà, àwọn ń ran ìyá àwọn lọ́wọ́. Ẹni tó ń jí bírò gan-an gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá! Ọmọ mi, Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà ilé ìwé yẹn fún ọ. Gbogbo wa la ti ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ìwọ nìkan lo lo ìwé náà.

Ìyá_Bódìjà

Àmín o. Mo ti fẹ́ sọ pé kí tíṣà sọ ìwé náà sínú àpótí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ti yí mi lọ́kàn padà díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o. Kò sí alẹ́ tí ọmọ onímicra jókòó tí kò ní í kọ nípa owó. Kò sì sí ohun tó lè rí nínú ara rẹ̀ tó máa dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ padà.

Ọmọ_Òṣogbo17

Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àmọ́ ó lè kọ ọ́ pé inú ń bí òun sí bàbá òun, tàbí pé ojú ń ti òun. Ìyẹn kì í ṣe ti ọlọ́kọ̀, tiẹ̀ ni.

Tíṣà_Mọ́níyà

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti ń fi bírò sàmì sórí ọ̀rọ̀ yín láti ìrọ̀lẹ́.

Mo máa ka orí kejì. Ṣùgbọ́n ìtàn bàbá Allen ni mo máa kọ́kọ́ sọ, láti Leicester títí dé New York, kí n wá bi wọ́n bí Ìyá Bódìjà ṣe bi wá: ṣé èrò ọkàn bàbá yìí ló pe olè wá? Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá òǹkọ̀wé náà jà. Mo fẹ́ kí ọmọ yẹn rí i pé èèyàn lè fẹ́ràn ìwé kó má sì gbà fún un. Mo sì máa bá òun nìkan sọ̀rọ̀ kó tó dọjọ́ náà, kó má baà jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Orí kẹta, màmá nọ́ọ̀sì, mi ò ní fọwọ́ kàn án ní sáà yìí. Orí kẹrin, tó dá lórí kí èèyàn ní ohun kan tó ń lépa, ni màá bọ́ sí.

Ìbéèrè ahun yẹn dùn mọ́ mi. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, Ọlọ́run á ràn mí lọ́wọ́, torí mo ti mọ ohun tí mo máa sọ, kò sì dára létí.

Ti ìwé alẹ́ ló ṣòro. Ọmọ Òṣogbo, òótọ́ lo sọ, mi ò gbọdọ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà wa ti ní bí mo bá fẹ́ máa lo kíláàsì lẹ́yìn agogo, òun fẹ́ rí ẹ̀rí pé àwọn ọmọ ń ṣiṣẹ́. Kí ni mo fẹ́ gbé lọ hàn wọ́n?

Olùkọ́_Ọjọ́_Ìsinmi

Ẹ gbé àríyànjiyàn wọn lọ. Kí wọ́n kọ ojú ìwé kan lórí ìdí tí wọ́n fi gbà fún Allen tàbí tí wọn ò fi gbà. Ìyẹn ṣeé máàkì. Ìwé alẹ́ ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ sílé.

Ọ̀gá_Wẹ́dà_Abẹ́òkúta

Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá kọ ọ́ pé òun gbà fún un, ẹ bá mi kí i. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ku èmi nìkan níbí.

Bọ̀ọ̀dá_Leicester

Tíṣà, ọmọ mélòó ni wọ́n? Mo ní àbúrò kan tó ń ta ìwé ní Dùgbẹ̀, màá ní kó kó ìwé olójú-ewé 60 wá fún yín, kí ìwé alẹ́ wọn yàtọ̀ sí ti iṣẹ́ ilé.

Tíṣà_Mọ́níyà

Ọmọ méjìdínlógún ni, sà. Ọlọ́run á san án fún yín. Bí kò bá ni yín lára, ẹ fi bírò kún un, torí ìgbàkígbà tí mo bá ti ní ká kọ nǹkan báyìí, bírò gbogbo wọn ló máa ń tán lẹ́ẹ̀kan náà.